Ààlè Tí Olóko Ti Fi Sílẹ̀

Ẹni tó bá ti rin ọ̀nà oko rí mọ ààlè. Ó lè jẹ́ òòyà tó ti ká léyín, ó lè jẹ́ kùùkù àgbàdo tí wọ́n fi àkísà pupa so mọ́ ẹ̀ka igi, ó lè jẹ́ ìkarahun ìgbín tàbí ẹsẹ̀ bàtà kan ṣoṣo tó ti gbó. Wọ́n á gbé e lé orí igi ìdáná tí ẹnì kan ṣẹ́ jọ sẹ́bàá ọ̀nà, tàbí kí wọ́n so ó mọ́ igi obì tó ń so. Lẹ́tà kan ò sí lára rẹ̀, síbẹ̀ ó ń sọ̀rọ̀: ẹrù yìí ní olówó, má fọwọ́ kàn án. Àgbà á kọjá, ọmọdé á kọjá, igi ìdáná á sì wà níbẹ̀ títí olówó á fi padà wá dì í lọ.

Agbára ààlè kò sí nínú òòyà. Òòyà tó ká léyín kò lè ṣe ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan. Ohun tó ń dẹ́rù ba olè ni pé ẹni tó fi í síbẹ̀ kò jìnnà, pé ó ń bọ̀ wá yẹ̀ ẹ́ wò, pé bí afẹ́fẹ́ bá já a bọ́, á tún òmíràn so. Ààlè tí òjò ti pa títí tó fi jábọ́, tí ẹnikẹ́ni ò wá gbé e, iṣẹ́ mìíràn ló ń jẹ́: ó ń wí fún ẹni tó ń kọjá pé olóko ti lọ.

Ní àwọn ọgbà ìgbafẹ́ ìjọba àpapọ̀ ilẹ̀ Amẹ́ríkà, pátákó ni ààlè. Pátákó ló ń sọ pé ọ̀nà rèé, pé ẹ má gba ibẹ̀ yẹn, pé omi ò sí níwájú, pé àwòrán ara àpáta yìí ti wà kí ẹnikẹ́ni tó mọ orílẹ̀-èdè náà lórúkọ. Ìbẹ̀wò sí gbogbo ibi tó wà lábẹ́ àjọ tó ń bójú tó àwọn ọgbà náà lé ní mílíọ̀nù 331 lọ́dún 2024, kò sì sí iye ẹ̀ṣọ́ tó lè tẹ̀ lé èrò bẹ́ẹ̀ kiri. Síbẹ̀, nígbà tí owó bá dé, pátákó atọ́nà àti fífọ ìkọkúkọ kúrò lára àpáta ló máa ń gbẹ̀yìn tò. Àwọn tó ń pín owó tún máa ń wo méjèèjì bí ọ̀rọ̀ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ọ̀kan ti atọ́nà, ọ̀kan ti agbálẹ̀. Iṣẹ́ kan náà ni wọ́n. Iṣẹ́ tí kì í tán sì ni, nítorí náà owó rẹ̀ kò yẹ kó jẹ́ owó tí olóore fi ń ta ọgbà lọ́rẹ lẹ́ẹ̀kan lọ́dún mẹ́wàá. Ẹnu géètì ló yẹ kó ti máa wá, lọ́dọọdún.

Joshua Tree ni ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti hàn kedere jù. Ó wà ní gúúsù ìpínlẹ̀ California, ìrìn wákàtí bíi méjì àbọ̀ láti Los Angeles bí mọ́tò kò bá há sójú ọ̀nà, ìyẹn kì í sì í ṣẹlẹ̀ lójoojúmọ́. Ààrẹ Franklin Roosevelt ló fi òfin dáàbò bo ilẹ̀ náà lọ́dún 1936, lẹ́yìn tí obìnrin kan tó ń jẹ́ Minerva Hoyt ti pààrà ọ̀dọ̀ ìjọba títí lórí àwọn igi aṣálẹ̀ tí àwọn ará ìlú ńlá ń hú lọ gbìn síwájú ilé wọn. Ó di ọdún 1994 kí wọ́n tó gbé e dé ipò ọgbà ìgbafẹ́ gan-an. Ilẹ̀ rẹ̀ súnmọ́ 800,000 éékà. Igi tí wọ́n fi sọ ọ́ lórúkọ, ewé rẹ̀ ṣóṣóró bí abẹ́rẹ́, ẹ̀ka rẹ̀ nà sókè bí apá ẹni tó ń gbàdúrà. Ṣùgbọ́n àpáta ibẹ̀ ló ń fa ọ̀pọ̀ èèyàn: òkìtì-òkìtì, ọ̀kan gun orí èkejì, bí ẹni pé òmìrán kan ń tò wọ́n lọ kó tó rántí pé òun ní iṣẹ́ mìíràn láti ṣe.

Níbẹ̀rẹ̀ ọdún 2013, àwọn ẹ̀ṣọ́ ọgbà náà rí i pé ọ̀dà ti ń gba àpáta kan ní àfonífojì tí wọ́n ń pè ní Rattlesnake Canyon. Àwọn tó kọ́kọ́ kọ tiwọn gbé fọ́tò rẹ̀ sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Àwọn tó rí fọ́tò wá láti kọ tiwọn sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Kò pẹ́ tí ọgbà fi ní láti ti ilẹ̀ tó lé ní 300 éékà pa. Lẹ́yìn náà, ọ̀rọ̀ kan Barker Dam, ìsédò àtijọ́ tí àwọn darandaran mọ fún omi màlúù wọn. Wọ́n ti ibẹ̀ náà. Bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò ráyè wọ ibẹ̀: lẹ́tà àkọ́kọ́ ni ògiri tó lanu, ogójì tó tẹ̀ lé e ni aláǹgbá. Ẹni tí ì bá pa lẹ́tà àkọ́kọ́ yẹn rẹ́ láàárín ọjọ́ méjì ì bá ti gba ọgbà sílẹ̀ lọ́wọ́ títì pa.

Pípa á rẹ́ kò sì rọrùn bí ẹni tó jókòó sílé ṣe rò. Àpáta aṣálẹ̀ ní awọ. Awọ náà tín-ín-rín, ó dúdú tàbí kó pọ́n rẹ́súrẹ́sú. Amọ̀ àti irin àti manganíìsì ló para pọ̀ di í, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún ló sì ń gbà kó tó tò. Bí wọ́n bá fi búrọ́ọ̀ṣì onírin ha á, tàbí tí wọ́n gbé ẹ̀rọ tó ń tu iyanrìn kò ó, ọ̀dà á lọ lóòótọ́, awọ á bá a lọ, ojú àpáta á wá funfun bí àpá iná lára èèyàn. Ẹni tó bá ń kọjá lẹ́yìn ìgbà náà á mọ̀ pé wọ́n kọ nǹkan síbẹ̀, á tiẹ̀ lè ka ohun tí wọ́n kọ. Ìdí nìyí tí àwọn tó mọ iṣẹ́ náà fi ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú omi lásán àti búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀. Bí ìyẹn ò bá gbà, wọ́n á pa jẹ́ẹ̀lì lé e, wọ́n á fún un láyè kó mu ọ̀dà náà dáadáa, wọ́n á fi ọwọ́ pẹ̀lẹ́ gbo ó, wọ́n á ṣan án, wọ́n á sì tún padà pa á nígbà mìíràn. Ọ̀kan nínú àwọn jẹ́ẹ̀lì tí àwọn olùyọ̀ǹda ara ẹni ń lò lórí ilẹ̀ ìjọba ń jẹ́ Elephant Snot, ìyẹn ikun imú erin. Orúkọ náà ò gbé e níyì, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti rí bó ṣe ń yọ̀ lọ́wọ́ kò ní bá ẹni tó sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ jà.

Omi tí wọ́n fi ń ṣan án ńkọ́? Kò sí ẹ̀rọ omi nínú àfonífojì. Ẹ̀yìn èèyàn ló ń gbé e débẹ̀, lítà kan, kílò kan. Ẹni tó bá pọn lítà mẹ́wàá rìn fún wákàtí kan nínú oòrùn aṣálẹ̀, orúkọ ẹnì kan péré ló lè rí pa rẹ́ kí omi tó tán, kí òun fúnra rẹ̀ tó mu nínú rẹ̀.

Ọ̀dà nìyẹn o. Èyí tí wọ́n bá fi òkúta tàbí ọ̀bẹ họ, kò ní jẹ́ẹ̀lì. Lọ́jọ́ 26 oṣù Kejìlá ọdún 2021, ní ọgbà Big Bend ní Texas, àwọn kan họ orúkọ wọn sórí àwòrán tí àwọn èèyàn ti gbẹ́ sára àpáta láti ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún sẹ́yìn. Wọ́n tún kọ déètì sí i, bí ẹni tó ń buwọ́ lu ìwé ilẹ̀. Ọgbà náà sọ pé bíbàjẹ́ rẹ̀ kọjá àtúnṣe, àti pé láti ọdún 2015 àwọn ti kọ irú ìwà ìbàjẹ́ bẹ́ẹ̀ tó lé ní 50 sílẹ̀. Níbi tí ọwọ́ bá ti bà á, tí fífọ̀ ò sì ràn án mọ́, ohun kan ṣoṣo tó kù tó lè ṣiṣẹ́ ni èyí tó wà níbẹ̀ kí ọwọ́ tó dé: ọ̀nà tó hàn kedere, pátákó tó sọ ohun tí àwòrán yẹn jẹ́ àti ẹni tó ni ín, àti àmì pé ẹnì kan gba ibí kọjá láàárọ̀.

Ibi tí pátákó àti ìkọkúkọ ti pàdé nìyí. Ọ̀nà tó bá rújú ń bí ọ̀nà mìíràn. Ẹnì kan á yà sí ọ̀tún nítorí pé kò rí àmì, ẹlòmíràn á tẹ̀ lé ipasẹ̀ rẹ̀, tó bá di oṣù kẹta ó ti di ọ̀nà gidi tó ń lọ sí ẹ̀yìn òkìtì àpáta kan tí kò yẹ kí ẹnikẹ́ni dé. Ilẹ̀ aṣálẹ̀ náà ní èépá. Àwọn ẹ̀dá tín-tìn-tín tí ojú lásán ò rí ló hun iyanrìn pọ̀ kí afẹ́fẹ́ má baà gbé e lọ. Ẹsẹ̀ kan péré ń fọ́ ọ, ọ̀pọ̀ ọdún ló sì ń gbà kó tó san. Lẹ́yìn òkìtì tí ojú ò tó yẹn gan-an ni ẹni tó ní agolo ọ̀dà ti ń rí àyè. Pátákó inú aṣálẹ̀ kì í sì í pẹ́ ṣá. Àwọ̀ pupa ló máa ń kọ́kọ́ lọ lójú oòrùn, ó sì ṣeni láàánú pé pupa ni wọ́n sábà fi ń kọ ìkìlọ̀.

Bí ẹnikẹ́ni bá ṣì rò pé pátákó nìkan tó, kó wo ohun tó ṣẹlẹ̀ nígbà tí ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà ti iṣẹ́ pa fún ọjọ́ 35, láti ọjọ́ 22 oṣù Kejìlá ọdún 2018 di ọjọ́ 25 oṣù Kìíní ọdún 2019. Géètì Joshua Tree wà ní ṣíṣí, àwọn ẹ̀ṣọ́ tó ṣẹ́kù lẹ́nu iṣẹ́ kò tó nǹkan. Pátákó ò lọ síbì kan. Gbogbo wọn dúró síbi tí wọ́n rì wọ́n mọ́, wọ́n ń wí ohun tí wọ́n ti ń wí tẹ́lẹ̀. Síbẹ̀ àwọn kan wa mọ́tò gba inú aṣálẹ̀, wọ́n la ọ̀nà tí kò sí, wọ́n gé igi Joshua lulẹ̀, wọ́n kọ nǹkan sára àpáta. Lẹ́tà ara pátákó ò yí padà. Olóko ni kò sí nílé, gbogbo ayé sì mọ̀.

Òdìkejì rẹ̀ wà ní Grand Canyon. Ìrìn ibẹ̀ yàtọ̀ sí ti òkè, nítorí ìsọ̀kalẹ̀ ló ṣáájú. Ẹni tó ń gun òkè, bó bá rẹ̀ ẹ́ á padà. Ẹni tó ń sọ̀kalẹ̀ lọ sí odò Colorado, ara rẹ̀ á fúyẹ́ títí á fi dé ìsàlẹ̀, ibẹ̀ ni yóò ti rántí pé òun ní láti gùn ún padà nínú ooru ọ̀sán. Pátákó kan gbajúmọ̀ níbẹ̀: àwòrán ọ̀dọ́kùnrin kan tó dá eékún lé ilẹ̀, ojú rẹ̀ pọ́n, ó ń bì. Kò rẹwà. Kì í sì í ṣe ẹwà ni wọ́n gbé e síbẹ̀ fún. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ọdún 1996, tí ooru pa àwọn èèyàn níbẹ̀, ọgbà náà rí i pé àwòrán ò tó. Lọ́dún 1997 wọ́n gbé ètò kan kalẹ̀ tó ń fi òṣìṣẹ́ àti àwọn olùyọ̀ǹda ara ẹni sójú ọ̀nà, kí wọ́n máa bi àwọn tó ń sọ̀kalẹ̀ pé omi mélòó lẹ gbé, níbo lẹ ń lọ, ṣé ẹ ti jẹun? Pátákó yẹn àti ẹni tó dúró sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ààlè tó pé nìyẹn.

Kì í ṣe pé owó ò sí rárá. Lọ́jọ́ 4 oṣù Kẹjọ ọdún 2020, wọ́n fọwọ́ sí òfin tí wọ́n ń pè ní Great American Outdoors Act. Òfin náà ya owó tó lè tó bílíọ̀nù 1.9 dọ́là sọ́tọ̀ lọ́dún kan fún ọdún márùn-ún, 2021 sí 2025, láti fi tún ohun tó ti bàjẹ́ lórí ilẹ̀ ìjọba ṣe. Ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀ jẹ́ ti àwọn ọgbà ìgbafẹ́ yìí. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ àtúnṣe tó ti ṣẹ́jọ nínú àwọn ọgbà náà lé ní bílíọ̀nù 20 dọ́là, àwọn tó tóbi ni wọ́n sì ń kọ́kọ́ dá lóhùn. Páìpù omi tó gba inú Grand Canyon kọjá, tó ti ń bẹ́ tó ń jò láti ìgbà pípẹ́, iṣẹ́ tirẹ̀ nìkan lé ní mílíọ̀nù 200 dọ́là. Ta ló máa bá wọn jà lórí ìyẹn? Ẹni tí òǹgbẹ ń gbẹ ò ráyè ka pátákó.

Àléébù owó ńlá ni pé iṣẹ́ ńlá ló máa ń wá kiri. Páìpù ní ọjọ́ ìfilọ́lẹ̀, ó ní àga lábẹ́ àtíbàbà, ó ní òṣèlú tó máa gé rìbọ́n. Ta ni í gé rìbọ́n fún búrọ́ọ̀ṣì? Àwọn olóore náà ò yàtọ̀. Ètò kan wà tí òfin ọdún 2016 fẹsẹ̀ rẹ̀ múlẹ̀, tí ìjọba fi ń dá owó sórí èyí tí àwọn olóore bá dá, ó sì ti ṣe iṣẹ́ rere. Ṣùgbọ́n inú èèyàn máa ń dùn láti ra pátákó tuntun. Kò sí ẹni tí inú rẹ̀ ń dùn láti ra àtúnkùn pátákó ọdún kẹjọ. Ẹni tó bá fẹ́ gbé pátákó kalẹ̀, kí wọ́n sọ fún un lójú ẹsẹ̀ pé kó gbé owó ìtọ́jú rẹ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kó gbé pátákó rẹ̀ lọ sílé.

Àwọn kan wà tí wọn ò tiẹ̀ rí ohun tó burú nínú ìkọkúkọ. Àríyànjiyàn wọn kò ṣeé fọwọ́ rọ́ sẹ́yìn, nítorí El Morro wà. Ní El Morro ní New Mexico, ògiri àpáta kan wà lẹ́bàá adágún omi tí àwọn arìnrìn-àjò ti ń sinmi láti ayébáyé. Àwọn baba ńlá àwọn ará Zuni gbẹ́ àwòrán sí i. Lọ́dún 1605, Juan de Oñate, ará Sípéènì tí ọwọ́ rẹ̀ kò mọ́ rárá lórí ohun tó ṣe fún àwọn ará Acoma, gbẹ́ orúkọ tirẹ̀ pé òun gba ibẹ̀ kọjá. Sójà, àlùfáà, àwọn tó ń kó lọ sí California, gbogbo wọn kọ tiwọn. Lónìí ìjọba ń ṣọ́ orúkọ wọ̀nyẹn bí ẹyin ojú. Kí ló dé tí ti 1605 fi jẹ́ ìtàn, tí ti 2013 fi jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀?

Iye èèyàn ni ìdáhùn. Àwọn tó gba El Morro kọjá láyé Oñate, ìwọ̀nba ni wọ́n, omi ló sì gbé wọn débẹ̀. Joshua Tree nìkan ń gba ìbẹ̀wò bíi mílíọ̀nù 3 lọ́dún kan. Bí ẹnì kan nínú ọgọ́rùn-ún bá kọ orúkọ rẹ̀, 30,000 orúkọ nìyẹn lọ́dún kan ṣoṣo, ọdún mẹ́wàá ò ní pé kí àpáta Barker Dam tó di pátákó ìpolówó. Ó sì tún ní ẹ̀kọ́ mìíràn tí El Morro kọ́ni. Lẹ́yìn tí wọ́n fi òfin dáàbò bo ibẹ̀ lọ́dún 1906, ẹni tó ń tọ́jú rẹ̀ ní àwọn ọdún 1920 fi ìtara pa ọ̀pọ̀ orúkọ tó dé lẹ́yìn òfin rẹ́. Ibi tó ha ṣì ń hàn lára àpáta dòní, ó ń dán. Fífọ̀ tí kò ní ìmọ̀ lẹ́yìn, ìkọkúkọ mìíràn ni. Ìmọ̀ sì ń gba owó.

Ní ti ìtanràn, kò pọ̀. Ẹni tí wọ́n bá mú lè fi ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà jura, ó sì lè san tó 5,000 dọ́là. Obìnrin kan tó fi ọ̀dà ya àwòrán káàkiri ọgbà bíi mélòó kan lọ́dún 2014 gbà lọ́dún 2016 pé òun jẹ̀bi. Wọ́n ní kó fi wákàtí 200 ṣiṣẹ́ sin ìlú, wọ́n sì fòfin dè é pé kó má wọ àwọn ọgbà náà fún ọdún méjì. Ṣùgbọ́n òun fúnra rẹ̀ ló gbé fọ́tò rẹ̀ síta. Èwo nínú àwọn olóye tó ń ṣe é lóru ni yóò tún ṣe bẹ́ẹ̀?

Àwọn tó fẹ́ràn igbó nínú ìdákẹ́jẹ́ rẹ̀ ń ráhùn pé pátákó ti pọ̀ jù. Òótọ́ ni wọ́n sọ. Márùn-ún tó mọ́, tó ṣeé kà, ju ogún tó ti ṣá lọ, owó ìtọ́jú márùn-ún sì ṣeé rí.

Òfin ọdún 2004 lórí owó ìwọlé ti ní kí ó kéré tán ìdá 80 nínú ọgọ́rùn-ún owó tí ọgbà kan bá pa lẹ́nu géètì dúró sí ọgbà náà. Mọ́tò kan tó bá wọ Joshua Tree ń san 30 dọ́là fún ọjọ́ méje. Òfin náà ò sì fi gbogbo ara dáàbò bo owó yìí: nígbà tí wọ́n ti iṣẹ́ pa lọ́jọ́ 35 yẹn, owó géètì ni wọ́n bù láti fi mú iṣẹ́ lọ, ọ́fíìsì tó ń yẹ ìwé owó ìjọba wò fún ilé aṣòfin sì sọ lọ́dún 2019 pé ó lòdì sí òfin. Kí wọ́n ya dọ́là kan sọ́tọ̀ nínú 30 yẹn, lórúkọ pátákó àti ojú àpáta, kí ẹnikẹ́ni má bù ú fún páìpù, kí ẹnikẹ́ni má bù ú nígbà tí Washington bá ń jà. Dọ́là kan kò ní lé ẹnikẹ́ni padà lẹ́nu géètì.

Ohun tó máa rà kò ṣòroó kà. Owó oṣù àwọn èèyàn tí iṣẹ́ wọn kò ju kí wọ́n máa rin ọ̀nà láàárọ̀ kí oòrùn tó mú. Garawa, búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀, jẹ́ẹ̀lì, omi lẹ́yìn wọn, pátákó àfirọ́pò nínú ọkọ̀. Níbi tí lẹ́tà bá ti ń ṣá, wọn á kọ ọ́ sínú ìwé. Níbi tí ipasẹ̀ tuntun bá ti ń yà sí ọ̀tún, wọn á fi ẹ̀ka gbígbẹ dí i. Bí wọ́n bá sì bá lẹ́tà kan ṣoṣo tí ẹnì kan fín sára àpáta lóru àná, wọn á ti fọ̀ ọ́ tán kí ẹni àkọ́kọ́ tó gbé fóònù dání tó gba ibẹ̀ kọjá.